Ajá Ọ̀gá Mi Wọ Mẹ́kà

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí mo fi okùn fa ajá gba àárín àwọn oníhájì kọjá ní Al-Aziziyah, ní Mẹ́kà, tí òyìnbó tó ni ajá sì wà nínú oòrùn lójú ọ̀nà Jẹ́dà, tó ń retí mi. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rín in, àmọ́ tèmi korò díẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1995 ni. Ẹnjiníà ni mí nílé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà, èmi ni mò ń tún àwọn ẹ̀rọ yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe. Ìyàwó mi wà nílé ní Ìwó. Oyún ló wà nínú ẹ̀ nígbà tí mo kúrò. Ó ti bímọ, wọ́n ti sọ ọmọ ní Sàídá, fọ́tò nìkan ni mo fi mọ ojú ẹ̀. Mo ti sún ìsinmi tèmi síwájú, torí mo fẹ́ kí ìyá àtọmọ wá bá mi. Ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n á fi wọlé ni mò ń wá, ìwé náà ò sì lè rìn àfi kí ọ̀gá ẹ̀ka wa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀gá yìí, òyìnbó ará Sìkọ́tíláǹdì ni. Kò níyàwó, kò bímọ. Ajá ló ní.

Jímì lorúkọ ajá náà. Kékeré ni, funfun báláú, irun ẹ̀ ká mọ́ra, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pè mí pé òun ń lọ sílé fún ìsinmi. Ó ní, "Ìwọ ni mo fọkàn tán jù níbí. Bá mi wá ibi tó dáa tí wọ́n á ti tọ́jú Jímì, tí wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á máa tún irun ẹ̀ ṣe. Tí mo bá dé, a ó parí ọ̀rọ̀ ìwé ìyàwó ẹ." Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ò ní gbà? Ká ní ó ní kí n pọn Jímì sẹ́yìn, ọ̀já ni mi ò bá béèrè.

Èmi fúnra mi ò lè gbé e sọ́dọ̀. Al-Hindawiyah ni mò ń gbé, èmi àtàwọn méjì mìíràn la jọ gba ilé, onílé wa sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ilé tí ajá bá wà, màláíkà ò ní wọ̀ ọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùtọ́jú ajá kiri ní ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ká aṣọ wọn sókè tí ajá bá ń kọjá.

Obìnrin ará Jámánì kan la kọ́kọ́ lọ bá, nínú ọgbà táwọn òyìnbó ń gbé nítòsí òkun. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí àwọn ajá lára, bẹ́ẹ̀ ariwo lásán ni tèmi nílé ń pa. Àmọ́ ìbéèrè obìnrin yìí! Káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ dà? Kí ló ń jẹ? Kí ló ń bà á lẹ́rù? Ṣé ó ti bá ajá mìíràn gbé rí? Tí ẹni tó ni ín bá dé lójijì, ta ló máa wá mú un? Ó ní kí n tẹ̀ lé òun wá wo ibi tó máa sùn. Inú bí mi. Mo ní, "Màdáámù, ṣé ajá ni mo mú wá ni, àbí mo wá tọrọ ọmọ yín fẹ́?" Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Mo fa Jímì, a bá tiwa lọ.

Ẹnì kejì, ọkùnrin ará Jọ́dánì kan tó ń kọ́ ajá bí wọ́n ṣe ń ṣọ́lé ni. Ó ká ọwọ́ aṣọ ẹ̀ sókè, ó ń fi àpá eyín ajá hàn mí bí ẹni ń fi sátífíkéètì hàn. Ó ní tí Jímì bá kúrò lọ́dọ̀ òun, kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ajá ẹ̀ gbó lẹ́ẹ̀kan péré, Jímì tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Bàtà tuntun o! A tún bá tiwa lọ.

Ibi tí mo ti ń nu bàtà lójúde ni Àlàájì ti rí mi. Àlàájì yìí, ará Ìwó bíi tèmi ni, ó ti pẹ́ ní Al-Hindawiyah débi pé Lárúbáwá làwọn ọmọ ẹ̀ fi ń dá a lóhùn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wá ilé sílẹ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Hájì àti Úmúrà, àmọ́ kò sí ohun tí o máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò ní ní "ó wà." Fíríìjì? Ó wà. Oògùn ẹ̀yìn ríro? Ó wà. Mo ní Àlàájì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá ni mò ń wá o.

"Ó wà," ni Àlàájì wí. "Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Máfí múṣkìlà, kò sí wàhálà."

Kò béèrè káàdì abẹ́rẹ́, kò béèrè oúnjẹ. Agboolé wa ní Ìwó ló béèrè. Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀, ó pariwo pé, "Háà! Ìyá àgbà yín ló máa ń fún mi ní ẹ̀pà tí mo bá ń lọ ilé kéwú!" Ló bá ká ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún mi, ó ṣe fún ìyàwó mi, ó ṣe fún ọmọ, díẹ̀ ló kù kó ṣe fún Jímì. Mo ní àmín, àmín, mo fa okùn Jímì lé e lọ́wọ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni ẹni dáa, àwọn tó ń da ìbéèrè boni yẹn, ìyà ló ń jẹ wọ́n. Ibi tí yóò gbé ajá sí, mi ò bi í. Ṣé èèyàn ń bi ará ilé ẹ̀ nírú ẹ̀ ni? Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọlọ́dẹ. Èmi gan-an lajá ọjọ́ náà.

Tí mo bá pàdé Àlàájì ní mọ́ṣáláṣí, mo máa ní, "Jímì ńkọ́?" Á ní, "Ó wà. Ara ẹ̀ le." Ọkàn mi a sì balẹ̀.

Ọ̀gá ò lo ìsinmi ẹ̀ tán. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló jà nílé, ló bá wọkọ̀ òfuurufú padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbójú sókè níbi iṣẹ́, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, àpótí ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Jímì dà?"

Mo sáré dé ilé Àlàájì, ìyàwó ẹ̀ ni mo bá.

"Àlàájì ti lọ Mẹ́kà láti ìjẹta," ni Àlàájà wí.

"Ajá ńkọ́, mà?"

"Ajá kẹ̀? Ajá ti wà ní Mẹ́kà tipẹ́. Àbí o rò pé màá jẹ́ kó sùn sílé mi níbí?"

Mo padà lọ bá ọ̀gá, mo ṣàlàyé pé Mẹ́kà ni Jímì wà.

"Ó dáa," ló wí. "Wọ mọ́tò, ká lọ mú un."

"Ẹ ò lè dé ibẹ̀, sà. Mùsùlùmí nìkan ló ń wọ Mẹ́kà."

"Jímì wá ńkọ́? Ìgbà wo ló gba Ìsìláàmù?"

Mo yáa wọ mọ́tò.

A gbéra. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé ibi tí àmì ojú ọ̀nà ti ń ní kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí yà, ó páàkì sílé epo kan, ó pa mọ́tò, ó ní kí n máa lọ. Mo wọ takisí. Ìlú tí mo máa ń fi omijé ayọ̀ wọ̀, ọjọ́ yẹn, òógùn ni mo fi wọ̀ ọ́.

Àlàájì wà níwájú ilé tó gbà fáwọn oníhájì ní Al-Aziziyah, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń rin pákò.

"Ẹnjiníà! Ahálán! Jímì ẹ mà ń ṣiṣẹ́ o!"

"Iṣẹ́ kí ni, Àlàájì?"

"Ó ń ṣọ́ àgùntàn. Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi. Ajá téèyàn kàn kó sílé lásán, ó lẹ́bọ lẹ́rù. Àmọ́ èyí tó ń ṣọ́ ẹran, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí sí i. Mo bá wá iṣẹ́ fún un lọ́gbà ọ̀rẹ́ mi kan. Mo ti sọ ọ́ di hàláálì fún ẹ."

Ó ń retí kí n dúpẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ọgbà náà hàn mí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì, tó ń gbé ní At-Tandabawi, ló tẹ̀ lé mi lọ sí ọgbà àgùntàn náà lẹ́yìn ìlú; òun ló máa ń bá Àlàájì fá orí fáwọn tó bá ṣe Úmúrà tán. Lójú ọ̀nà ló ti sọ fún mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé irun Jímì ti so kókó, pé Àlàájì ní kí òun bá a tún un ṣe.

"O tún un ṣe báwo?"

"Mo fá a ni, sà. Ẹ má jẹ́ kó kàn yín lára. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fọ ẹ̀rọ ìfárí náà lẹ́yìn ẹ̀, mo sì fi yẹ̀pẹ̀ ṣe ọ̀kan. Lóòótọ́, mọ́síhábù, ìyẹn ọ̀nà òfin, ti Màlíkì tiwa ò fi dandan pe itọ́ ajá ní ẹ̀gbin, àmọ́ àwọn olùkọ́ wa níbí ní..."

Ó ń ka ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà fún mi títí a fi dé ọgbà. Mo rí Jímì. Láti orí dé ìrù, kò sírun kan. Ó dà bí adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ ẹ̀. Okùn àgùntàn wà lọ́rùn ẹ̀, àgbò ńlá kan sì dúró tì í tó ń wò ó pẹ̀lú àánú. Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló dì sọ́wọ́. Mo jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, mo pe orúkọ Sàídá.

Ká wá jáde ló kù. Takisí tí mo bá nawọ́ sí á dúró, á rí Jímì, á ní "Kálíbù? Lā, lā!" pé òun ò gbé ajá, á sì gbéra. Bí mo ṣe di ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nìyẹn, nínú Al-Aziziyah, ajá tí wọ́n fá níwájú, èmi lẹ́yìn. Àwọn kan ń ká aṣọ sókè, àwọn kan ń ní "Àsítàgífúrúlà." Bọ́ọ̀sì kan rọra kọjá, ó kún fáwọn ará ilé wa. Ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin kan, Yorùbá Ìwó pọ́nbélé.

"Ẹ wò ó! Ṣé kì í ṣe ọmọ ìyá Kúdí lágboolé wa nìyẹn? Yéè, ajá ló ń dà ní Mẹ́kà!"

Mo bojú. Kí ni mo fẹ́ bojú sí nígbà tí wọ́n ti dárúkọ ìyá mi? Nígbà tí mo máa fi gba lẹ́tà látilé, ìyá mi ti ń gbààwẹ̀ fún mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó àgùntàn ló gbé wa níkẹyìn. Ẹ̀yìn ni mo wà pẹ̀lú ẹran. Bí a ṣe dé ilé epo, ọ̀gá wà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ẹ̀, ojú ẹ̀ ti pọ́n bí ata. Mi ò tíì sọ̀ tán tí Jímì já okùn gbà lọ́wọ́ mi. Láti ọ̀ọ́kán yẹn, ó ti mọ̀ ọ́n. Ó sáré, ó fò mọ́ ọn, ó ń lá a lójú, òyìnbó tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rín ẹ̀ rí kúnlẹ̀ sórí epo tó dà sílẹ̀, ó ń sunkún.

Nígbà tó dìde, ó bi mí pé, "Ṣé o wo ibi tí o fi í sí?"

"Ará ìlú mi ni wọ́n, sà."

"Ohun tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn."

Jímì jókòó síwájú, èmi jókòó sẹ́yìn, torí mò ń rùn. Mo fi ìgboyà béèrè ìwé ìyàwó mi nígbà tá a dé Jẹ́dà. Ó ní, "A ó wò ó." Òyìnbó tó bá ní òun ó wò ó, ó ti wò ó tán. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ títí ó fi kó ẹrù ẹ̀ padà sílé pátápátá. Ẹ sì mọ ẹni tó rán pé kó lọ máa sáré ìwé ìrìnnà Jímì? Èmi ni. Mo sì lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi jáde, pẹ̀lú òǹtẹ̀ mèremère. Ajá gba ìwé, ìyàwó mi ò gba ìwé. Inú bí mi sí òyìnbó yẹn, ó ṣì ń bí mi báyìí tí mò ń sọ ọ́. Kí ni ìyàwó mi àti ọmọ mi fi ṣe é?

Nígbà tí mo padà sí Ìwó, Sàídá ti ń sáré káàkiri ilé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó sá sẹ́yìn ìyá ẹ̀, ó di aṣọ ẹ̀ mú. Ó ní, "Màmá, ta nìyí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni fẹ́ fọ ojú. Ajá tí wọ́n fá, tí wọ́n so mọ́ àgùntàn, mọ ẹni tó ni ín láti òkèèrè.

Sàídá ti dàgbà báyìí, ó sì lájá, ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun. Nígbà tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n sin òun lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá n'Ìbàdàn. Mo béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ajá tó wà níbẹ̀. Mo béèrè oúnjẹ, mo béèrè ta ló ń gé irun, mo wọlé lọ wo ibi tí wọ́n ń sùn, mo fọwọ́ kan ilẹ̀ ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá, ṣé ajá lẹ mú wá ni, àbí ẹ wá wá ọkọ fún ọmọ yín?"

Sàídá ń tì mí lápá, "Dádì, ó tó, ẹ jọ̀ọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju ìyẹn lọ: bó o bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni, ará ilé ni o, àjèjì ni o, wọlé lọ wo ibi tó máa sùn. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo ní, "Sàídá, jẹ́ kí n béèrè. Ìgbà kan wà tí mi ò béèrè, o wá bi ìyá ẹ pé ta ni mí."