Ọtí Tí Kò Dúró Kí Wọ́n Ṣí I

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, àfi tí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun tó ṣí fìlà lórí àgbàlagbà kan níwájú gbogbo ẹbí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ó ti tó bí ogójì ọdún báyìí. Atakpamé, ìlú kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni mo ń gbé nígbà náà, lọ́dọ̀ Táńtì mi, àbúrò ìyá mi, obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń bá ìyá kan tajà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí ọjà: bísíkíìtì, sàdíìnì, mílíìkì, àti omi èso inú agolo, ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ti ọsàn, ti àjàrà. Kòmlá, tíṣà kan láti Datcha, máa ń wá ra bísíkíìtì lọ́dọ̀ wa. Ó rà á, ó rà á, títí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ebi bísíkíìtì ló ń pa á. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, a fẹ́ràn ara wa, ó sì ní èmi ni òun máa fẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dí wa lọ́nà: Bàbá Elavagnon. Àbúrò bàbá àgbà Kòmlá ni, òun sì ni olórí ẹbí wọn. Tí kò bá ní òun gbà, kò sí ẹni tó máa gbé ọtí ìtọrọ wọ ilé wa. Sódábì ni iṣẹ́ rẹ̀, ọtí líle tí àwa ń fi ẹmu sè, kò sì sí ẹni tó ń sè é dáadáa bíi tirẹ̀ láti Datcha dé odò Mono. Ó ti sọ fún Kòmlá pé, "Ọmọ tó kàn ń nawọ́ mú agolo lórí pẹpẹ fún oníbàárà, kí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe? Lọ wá ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo sunkún. Nígbà tí mo nu ojú tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní kí Kòmlá lọ sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí wá wò, ọtí tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni màá gbé wá fún Bàbá.

Kòmlá wò mí lójú. "Ṣé o mọ ọtí ṣe?"

"Ṣé o rò pé agolo nìkan ni mo mọ̀ ni?"

Irọ́ ni mo ń pa o! Mi ò ṣe ọtí rí láyé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí màá ti kọ́ ọ. Màdáámù òyìnbó kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé gíga, gbogbo ìgbà ló máa ń ra omi àjàrà lọ́dọ̀ wa. Ó ti sọ fún mi rí pé wáìnì ni òun ń fi ṣe nílé, nítorí wáìnì tòótọ́ ti wọ́n jù. Nígbà tó tún dé, mo ní kó kọ́ mi. Ó ṣàlàyé ní Faransé tó yára bí òjò: da omi èso sínú igò, fi ṣúgà sí i, fi lẹ́fúùrù díẹ̀ sí i, fi rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sí bo ẹnu igò. Ó tún sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́. Mo rò pé ó ti kúrò lórí ọtí, pé ó ń bi mí bóyá mo mọ aṣọ rán. Mo ń fi Faransé ní bẹ́ẹ̀ ni ṣáá: "Wí, Màdáámù. Wí, Màdáámù." Ká sòótọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́.

Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ lẹ́fúùrù. Ó ní ohun tó ń mú búrẹ́dì wú ni. Ẹ̀ẹ́n! Ẹmu ni ìyá mi àgbà fi ń mú búrẹ́dì wú láyé àtijọ́. Mo lọ sọ́dọ̀ adẹ́mu, mo gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ akèrègbè. Ṣíbí kékeré kan ni Màdáámù sọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ ni mo ń wá, ife kan gbáko ni mo dà sínú igò kọ̀ọ̀kan. Omi àjàrà tí mo lò kò wọ́n mi, torí ìyá oníṣọ́ọ̀bù máa ń ta àwọn agolo tó ti tẹ̀ fún mi ní ọ̀pọ̀. Igò ńlá mẹ́ta ni mo ṣe. Mo fi rọ́bà bò wọ́n lẹ́nu, pupa kan, búlúù kan, ti ẹ̀kẹta sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń jó lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Táńtì mi wọ yàrá mi láti gbálẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fẹ́ ti ìgbálẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó rí ni orí mẹ́ta tó ń mì jẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn.

"Jésù, Màríà, Jósẹ́fù! Ọmọ yìí ti gbé òrìṣà wọ ilé mi!"

Mo sáré wọlé. "Táńtì, òrìṣà kọ́, ọtí ni!"

"Ọtí wo ló ń gbé orí sókè?"

Ó ti mú omi mímọ́ dé. Ó wọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, ó wọ́n ọn lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe fẹ́ wọ́n ọn lẹ́ẹ̀kẹta ni rọ́bà pupa tó ti wú bí orí ọmọ bẹ́ gbàù! Táńtì mi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ké pe gbogbo àwọn ẹni mímọ́ tó mọ orúkọ wọn. Kí n tó gbé e dìde, ti búlúù náà ti bẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò bá mi sọ̀rọ̀ àfi tó bá ń gbàdúrà fún mi ní ohùn òkè.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Èmi rò pé tí rọ́bà bá ti bẹ́, ọtí ti jinná nìyẹn! Mo bẹ́ ẹ̀kẹta fúnra mi, mo da gbogbo rẹ̀ sínú igò wáìnì mẹ́ta, mo fi ìdérí onígi wọn dí wọn pinpin. Kò pẹ́, ìdérí kan fò jáde, ó lu páànù òrùlé kàù. Mo tún dí i, ó tún fò. Mo ní, "Ìwọ ọtí yìí, o ò mọ̀ mí." Mo wá wáyà, mo fi dì wọ́n lọ́rùn, mo lọ́ ọ títí ìka fi ń dùn mí. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí.

Sátidé pé. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo to igò mẹ́ta sínú agbọ̀n, mo wọ tákísì tó ń lọ sí Datcha. Oòrùn mú, ọkọ̀ kún, ọ̀nà ń gbé wa sókè, ó ń jù wá sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn kan láàárín ẹsẹ̀ mi: ṣíííí.

Ìyá tó jókòó tì mí gbé ẹsẹ̀ sókè. "Ejò! Ejò wà nínú ọkọ̀ o!"

Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Kí ojú tó ṣẹ́, gbogbo èrò ti wà nílẹ̀, bàbá kan tilẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde. Èmi nìkan ni mo jókòó. Mo ń ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé "Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ejò" ni igò kan fọ́ nínú agbọ̀n, gbàmù! Aṣọ funfun mi di pupa láti ìbàdí dé ẹsẹ̀.

Ìyá yẹn kígbe. "Ó ti bù ú jẹ! Ẹ wo ẹ̀jẹ̀!"

Nígbà tí òórùn ẹmu kíkan dé imú awakọ̀, àánú mi kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n mi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé èmi náà sílẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin èyí tó kù. Kòmlá wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ó wo aṣọ mi, ó gbọ́ òórùn mi.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ọtí ni."

"O ti mu ún?"

Ìyá rẹ̀ ti fà mí lọ́wọ́, ó ró ìró kan mọ́ mi, ó sì ń sọ sí mi létí pé, "Kúnlẹ̀, má wo ojú Bàbá, má sì sọ̀rọ̀ àfi tó bá bi ọ́." Bàbá Elavagnon jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú dàńṣíkí funfun àti fìlà alárànbarà. Gbogbo ẹbí yí i ká. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé igò kan fún un. Ó tú wáyà kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Ọtí wo ni wọ́n ń dè bí ewúrẹ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ sódábì, ẹ mọ ohun tí àwọn tó ń sè é máa ń ṣe kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Wọ́n á gbé igò sókè sí oòrùn, wọ́n á mì ín dáadáa, wọ́n á sì wo bí ìfófòó rẹ̀ ṣe tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ agbára ọtí. Bàbá gbé igò mi sókè. Mo fẹ́ kígbe pé ẹ má mì ín, ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló ń kígbe mọ́ àgbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Mo rọra ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dákẹ́, ọmọ. Mo ń wo ojú rẹ̀."

Ó mì ín lẹ́ẹ̀kan. Ó mì ín lẹ́ẹ̀kejì.

GBÀÙ! Ìdérí gbé fìlà Bàbá lọ sórí ẹ̀ka máńgòrò. Adìyẹ fọ́nká. Ọtí pupa bo ojú rẹ̀, ó bo dàńṣíkí, ó sì tú dà sílẹ̀ fọ̀ọ̀ títí igò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mo di ojú. Mo ní sí ara mi pé, ó parí, ìwọ àti bísíkíìtì lẹ máa dàgbà papọ̀.

Bàbá fi ahọ́n lá irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti ń fa ọtí náà mu.

"Ṣé ẹ rí nǹkan?" ni ó wí. "Èmi ló yẹ kí n dà á sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa tó ti lọ, kí n pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mu. Mi ò tíì la ẹnu. Wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ mi!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gba ìyàwó wọn. Ta ni èmi tí màá ní mi ò gbà? Dìde, ọmọ mi."

Mo ṣì ń kúnlẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín ń bá ara wọn jà lójú mi. Ó bi mí bí mo ṣe ṣe é. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, agolo tó tẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ọ̀rọ̀ Màdáámù tí kò yé mi tán. Ó mi orí.

"Ọwọ́ rẹ mọ nǹkan ṣe lóòótọ́. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni mi ò tíì mọ̀."

Igò tó kù, ó ní kí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà, kí wọ́n sì sún sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló rọra tú u. Ó kan, ó korò, wọ́n sì mu ún tán. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, dàńṣíkí alábàwọ́n yẹn náà ni Bàbá wọ̀, ó sì ń fi han gbogbo àlejò.

Mo pàdé Màdáámù lẹ́yìn ìgbà náà. Ihò kékeré ló ní kí n fi abẹ́rẹ́ lu sára rọ́bà kí atẹ́gùn lè máa jáde, kí n sì ní sùúrù tó bí oṣù kan. Mo ti kọ́gbọ́n: ohun tí mi ò bá gbọ́ yé, mo máa ń bi í lẹ́ẹ̀mejì. Tí àgbà bá sì di nǹkan tó lè bẹ́ mú, mo máa ń kígbe kí n tó kúnlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò jọ pé Kòmlá gbà pé mo ti yí padà. Títí dòní, tí mo bá gbé igò wọlé, ìbáà ṣe ti òróró ẹ̀pà, ọkọ mi á ṣí fìlà rẹ̀, á sì gbé e lé orúnkún. Mo máa ń bú u. Lẹ́yìn náà, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.