Pákó tí Ọlábọ̀dé Fi Ewé Ṣe

Ọlábọ̀dé kì í purọ́ láti fi gba nǹkan ẹni. Àìsàn tirẹ̀ ni pé kò lè gbọ́ kí ènìyàn dárúkọ ohun kan kó má sọ pé òun ti ṣe é rí. Bí ẹ bá ní orí ń fọ́ yín, òun ló kọ́ dókítà tó ń wo irú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Òmù-Àrán, òun ti já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú rí, ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀ nù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní Àrán-Ọ̀rin níbí, ó ti mọ́ wa lára. Bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù la ṣe máa ń gbọ́ ọ. Ẹnìkan kì í dá òjò lóhùn.

Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ. Yàrá tí wọ́n ń kó ohun èlò ìwádìí sí ló wà. Òun ló ń ṣí i láàárọ̀, òun ló ń tì í nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì tó wálé, gbogbo ohun tí àwọn olùwádìí wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Rhoda, ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti la ẹnu láàárín èrò, ilẹ̀ ni Rhoda máa ń wò. Ó ti bá a sọ ọ́ títí, ó ti wá fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Èmi ni akọ̀wé ìpàdé àdúgbò wa. Ohun tí mo ń sọ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìwé.

Ní oṣù kọkànlá, alága ka lẹ́tà kan tó wá láti Ìlọrin. Àjọ kan fẹ́ fi owó ìwádìí ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tó lè sọ ohun tí igbó ń dà nù di ohun tó wúlò: ewé tó wọ́, èèpo igi, ìyẹ̀fun pákó, èèpo èso tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ mú. Ó lè fi ṣe pákó, ó lè fi ṣe gúmù tàbí ọ̀dà. Alága wá béèrè bóyá ẹnìkan mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ láàárín wa.

Mo rí Rhoda tó fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ lórúnkún, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Mo ti fi ewé ṣe pákó rí," ni Ọlábọ̀dé wí. "Ó le ju ìrókò lọ."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, àwa náà jẹ̀bi, a dá òjò lóhùn. Owó ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí kò fẹ́ dúró sílé mọ́. A ní kó bá wa kọ̀wé sí wọn. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè iye ọdún tó ti wà lẹ́nu ìwádìí, ó kọ méjìlélógún. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá àpẹẹrẹ pákó náà wà nílẹ̀, ó kọ pé ó wà rẹpẹtẹ. Kí èsì tó dé, a ti ro ilẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà fún ilé iṣẹ́ náà. Àwọn méjì tilẹ̀ ti ń bínú síra wọn lórí ẹni tí yóò ṣe máníjà.

Èsì dé ní oṣù kejì. Àjọ náà ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, láti wá fojú rí pákó.

Rhoda ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ká a.

"Bàbá Success, pákó dà?"

Ọlábọ̀dé ní òun yóò ṣe é. Rhoda béèrè bóyá ó tiẹ̀ ti ṣe é rí lóòótọ́. Ó ní òun ti wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó ní òun ti wà nítòsí ibẹ̀. Rhoda kò béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ìtòsí.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọlábọ̀dé gbá ewé abẹ́ gbogbo igi máńgòrò tó wà ládùúgbò, ó ru ìyẹ̀fun pákó wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ó se sítáàṣì sínú agbada, ó sì po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́fà lé e lórí. Nígbà tó gbé wọn kúrò lọ́jọ́ kejì, ohun tó wà níbẹ̀ dà bí ọ̀ọ̀lẹ̀ tí kò jinná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti hu irun funfun, ó sì ń rùn bí àgbà tó yẹ kí wọ́n ti sin.

Ó tún òmíràn ṣe, ó fi sítáàṣì púpọ̀ sí i. Èyí gbẹ. Nígbà tó fi ìka lù ú, ó dún kó-kó. Ẹ ò bá rí ìdùnnú ọkùnrin náà. Ó wọlé lọ pe Rhoda kó wá wò ó. Kí wọ́n tó jáde, ewúrẹ́ mẹ́ta ti wà nídìí rẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Pákó Ọlábọ̀dé tó gbẹ, ewúrẹ́ ló bù ú jẹ.

Fulera ló ni àwọn ewúrẹ́ náà, opó kan tó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, alámùúlégbè wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Suliat. Ọlábọ̀dé lọ fẹjọ́ sùn ún pé ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ìwádìí òun. Ìyá náà bẹ̀ ẹ́, ó kí i kú àdánù, ó wá béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù, nítorí kò tíì rí ohun tí wọ́n jẹ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú.

Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́rú, Ọlábọ̀dé gba ọ̀dọ̀ Àbúdùlàhí káfíńtà lọ. Bí òpùrọ́ bá ní ìwé tó ọ̀jọ̀gbọ́n, kò lè ní pákó tó káfíńtà. Ó rí pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti fá, tó fara ti ògiri. Ó ní kí Àbúdùlàhí yá òun títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Àbúdùlàhí ní iṣẹ́ oníṣẹ́ ni, ẹni tó ni ín sì ti ń dààmú òun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọlábọ̀dé ní nítorí ìlú ni. Ẹni tí wọ́n bá fi ìlú bẹ̀, kí ni yóò wí?

Ó gbé e dé ilé. Káfíńtà ti fi pẹ́ńsù ńlá kọ nǹkan sára rẹ̀. Ọlábọ̀dé po ewé gígún mọ́ sítáàṣì àti amọ̀ pupa, ó fi rẹ́ ara pákó náà tinútẹ̀yìn, ó sì fi rẹ́ ibi tí wọ́n kọ̀wé sí nípọn ju ibi yòókù lọ.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àlejò dé. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ni olórí wọn, Dókítà Qonitah, ọmọ Ìlọrin, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà kó tó jókòó. Gbogbo àdúgbò ti pé, Ìyá Suliat wà lórí àpótí níwájú. Wọ́n ṣí aṣọ lórí pákó, àwa náà sì mí kanlẹ̀. Pákó gidi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Dókítà fọwọ́ pa á, ó gbé e wò, ó ní bó bá jẹ́ ewé ni wọ́n fi ṣe èyí lóòótọ́, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ọlábọ̀dé ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Pákó onípákó ni kò jẹ́ ká tètè mọ òpùrọ́. Ṣùgbọ́n Dókítà ní kí wọ́n bá òun pọn omi wá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dán gbogbo pákó wò nìyẹn, wọn a da omi sí i, wọn a sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ní kí Bàbá máa ṣàlàyé fún àwọn kí àsìkò fi kọjá.

Ọlábọ̀dé ṣàlàyé. Ó ti dé ibi tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀ ẹ́ kó má padà sílé nígbà tí amọ̀ kọ́kọ́ já bọ́. Ibi tó nípọn jù ló kọ́kọ́ já. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ ti amọ̀ náà sábẹ́ àga. Amọ̀ mìíràn tún já. Lẹ́tà ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbí?" ni Dókítà Qonitah béèrè.

Ọlábọ̀dé wọ awò ojú rẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Orúkọ irú pákó náà ni."

Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ìyókù, ó sì kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Ilẹ̀kùn ṣáláńgá Ìyá Suliat. Apá òsì ni kó máa ṣí sí."

Ìyá Suliat dìde lórí àpótí, ó lọ wo pákó náà níwájú, ó wò ó lẹ́yìn.

"Wálàhí, ilẹ̀kùn mi ni," ó wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi aṣọ dí ẹnu ọ̀nà."

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Dókítà Qonitah pa ìwé rẹ̀ dé, kò bínú, ó kàn ní ọ̀nà Ìlọrin jìn, ṣé òun lè rí ibi tọ̀ kí àwọn tó máa lọ. Ṣáláńgá tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ni ti Ìyá Suliat. Ọlábọ̀dé fúnra rẹ̀ ló ru pákó tẹ̀ lé wọn, omi amọ̀ ń kán sí i lọ́rùn. Rhoda àti Ìyá Suliat ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n dì í mú sẹ́nu ọ̀nà títí àlejò fi ṣe tán. Ìgbà yẹn ni ìwádìí náà kọ́kọ́ ṣe ènìyàn láǹfààní.

Nígbà tí Dókítà ń jáde bọ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Suliat, ó sì dúró lójijì. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó ń dán, ó le bí òkúta. Ó rò pé símẹ́ńtì ni. Ìyá náà ní erùpẹ̀ ni, òun kàn ń fi omi irúgbá rẹ́ ẹ ni. Àwọn tó ń ṣe irú a máa kó hóró, wọn a da èèpo nù. Òun a ṣà á, òun a gún un, òun a sè é títí omi rẹ̀ yóò fi dúdú.

"Òjò ńkọ́?" ni Dókítà béèrè.

"Òjò wo? Kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀."

Dókítà ní kí wọ́n gbé omi tó ṣẹ́ kù wá, ó dà á sílẹ̀ níbẹ̀, ó jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó pé, ó fi aṣọ ìnujú nu ilẹ̀ náà. Aṣọ náà funfun síbẹ̀. Ó tún ìwé rẹ̀ ṣí.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlábọ̀dé kò fi jáde. Rhoda kò bá a jà, ó gbé oúnjẹ fún un, ó sì sọ fún un pé bó bá mọ bí ó ṣe rí lára òun láàárín àwọn tíṣà, ó yẹ kó lọ bẹ Ìyá Suliat. Ojú tì í gan-an. Ó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bá ìyá náà kan ilẹ̀kùn. Apá ọ̀tún ló ń ṣí sí.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù tí àjọ náà fi ránṣẹ́ sí Ìyá Suliat. Ó ní kí wọ́n lọ pe Ọlábọ̀dé wá kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọdún, ìyá náà ní ìyá òun ló kọ́ òun, òun kò kà á. Ọlábọ̀dé ní kí àwọn kọ ọgọ́ta.

"Kọ ohun tí mo wí," ni Ìyá Suliat sọ.

Ó kọ ọ́. Owó náà jáde, fún Ìyá Suliat àti àwọn obìnrin mẹ́jọ tí yóò máa bá a sè é. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí yóò máa ṣa èèpo, Ọlábọ̀dé na ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí igi irúgbá kan láti ibí dé Ìjàrà-Ìsin tí òun kò mọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ru àpò ńlá kan dé, òógùn bò ó, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú àwọn obìnrin, ó sì nàró ṣánṣán. Ìyá Suliat tú ẹnu àpò náà. Ó fa èèpo gígùn kan yọ, ó mì ín létí ara rẹ̀, ó dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

"Bàbá Success," ó wí, "irúgbá kọ́ lèyí, pánṣẹ́kẹ́ ọgbà iléèwé ìyàwó rẹ ni."

Ó so ẹnu àpò padà, ó sì bá a gbé e rù.