Ọmọ Mi Ò Tíì Tó Àtíkè Í Kùn

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò ní Àbẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, tó kọ́kọ́ yọ dígí wo ojú kó tó yọ owó ọkọ̀, tí àtíkè rẹ̀ nípọn débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, yóò rì dé orúnkún, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ. Ẹ̀bùnọlá nìyẹn. Ẹ̀bùnọlá Ọmọge Ayérayé! Ogbó ń kanlẹ̀kùn, ó ní òun ò sí nílé!

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Lẹ́nu tirẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógójì ló pé, ó sì ti ń pé e bọ̀ tipẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀bùnọlá lákìísà tirẹ̀, abẹ́ ibùsùn ló ń tì í bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé tì bọ abẹ́ ibùsùn: Tiwalolúwa, ọmọ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún, ó ga, ó lẹ́wà, ó mọ̀wé. Òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya irun ojú fún ìyá rẹ̀ láràárọ̀ nílé wọn ní Òkè-Baálẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ bí ògiri tí wọn ò tíì kùn.

Nígbà tó pé mẹ́rìndínlógún, ó béèrè. "Mọ́mì, ṣé mo lè fi àtíkè díẹ̀ kan ojú?"

"Ó di méjìdínlógún."

Ó pé méjìdínlógún. "Mọ́mì, ó ti pé o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ogún ni mo wí."

Ó pé ogún. "Mọ́kànlélógún ni àwọn òyìnbó ń fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ṣé ìwọ wá gbọ́n ju òyìnbó lọ ni?" Ọjọ́ orí náà ń sá níwájú ọmọ bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Ìwà ọmọlúàbí ni Ẹ̀bùnọlá máa ń pè é. Irọ́ ni. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ náà yọ́ lo lípístíìkì díẹ̀ tẹ̀lé e lọ sí Ọjà Ọba. Rùkáyà tó ń ta bàtà wo àwọn méjèèjì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ìyàwó, ẹ kú oríire o! Ìgbà wo la ó jẹ ìrẹsì?" Ìyá ìyàwó! Ẹ̀bùnọlá kò ra bàtà mọ́. Etí ìró ló fi nu ẹnu ọmọ lójú gbogbo ọjà. Ọjọ́ náà ló yé e pé bí ọmọ bá ti di ọmọge, ìyá ti di nǹkan mìíràn nìyẹn.

Ni lẹ́tà bá dé láti ìjọ ìlú wọn ní Iléṣà, níbi tí wọn ò ti mọ Tiwalolúwa. Wọ́n ń wá Aṣáájú Ọ̀dọ́bìnrin, ẹni tí kò ju ogójì ọdún lọ, tí yóò sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ lórí ìgbà tó yẹ kí ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí kun àtíkè àti lípístíìkì. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni yóò di òfin fún gbogbo ọmọbìnrin inú ìjọ. Aṣáájú Ọ̀dọ́bìnrin! Ara Ẹ̀bùnọlá yá gágá. Ó kọ mẹ́rìndínlógójì sínú fọ́ọ̀mù tó bá lẹ́tà náà wá. Lẹ́yìn náà ló ṣírò, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀: ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tó bí ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti lóyún. Ìjọ wo ni yóò fi ìyẹn ṣe aṣáájú?

"Tiwa, tá a bá dé Iléṣà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́."

"Mọ́mì, mo ga jù yín lọ."

"Ṣé gíga ni wọ́n fi ń ka ọdún? Òpó iná náà ga!"

Ó ra ríbọ́ọ̀nù fún un, ó ra sọ́ọ̀sì funfun. Ó dun ọmọ náà dọ́kàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtíkè nìkan mọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kó sọ pé, "O ti dàgbà."

Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Ẹ̀bùnọlá ti pàṣẹ fún ìyá tó bí i, Màmá Wúrà tó ń gbé ní Iléṣà níbẹ̀, pé kó jókòó sílé nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ó gun orí pẹpẹ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí àtíkè má baà là.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi!"

Ẹnì kan wúkọ́.

"Ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ojú kó tó pé mọ́kànlélógún. Ẹ wo ọmọ tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ wo ojú rẹ̀, ó ń dán bí ẹyin!"

Alága ọjọ́ náà ni Alàgbà Barnabas Ọ̀ṣuntókun, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bọ́ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ọmọ, dìde. Kíláàsì wo lo wà?"

Tiwalolúwa wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Kò lè purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. "Ọdún kẹta ní yunifásítì, sà."

"Wọ́n fò ó ní kíláàsì ni!" Ẹ̀bùnọlá ti dá a lóhùn. "Orí rẹ̀ pé!"

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n fò ó, Arábìnrin?"

"Ẹ̀ẹ̀… mẹ́fà."

"Háà! Ọmọ yìí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ilé ìwé rí nìyẹn. Ó fò dé ibẹ̀ ni."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọlọ́gbọ́n ti jókòó. Ṣùgbọ́n irọ́ ò ṣeé pa ní ẹyọ kan; bó o bá pa àkọ́kọ́, á ní kó o wá ẹnì kejì fún òun.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà! Màmá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tìróò títí mo fi pé mẹ́tàlélógún. Bí mo bá kàn wò ó lásán, ẹgba ni!"

"Ta ló nà ọ́ lẹ́gba?"

Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Màmá Wúrà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ, ó sì gun ọ̀kadà wá. Ọmọ ta ni yóò sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ tí ìyá rẹ̀ yóò jókòó sílé ti orúnkún?

"Èmi tí mò ń ta tìróò, èmi ni mo wá fi tìróò du ọmọ mi? Ẹ̀bùnọlá! Gbogbo ulé ló mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́ nígbà tó o béèrè. Mi ò nà ọ́. Mo ní kó o jókòó, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lé e kó má baà ta ọ́ lójú. Ẹgba dà níbẹ̀?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ wá jókòó…"

"Màmá," ohùn Alàgbà Barnabas dùn bí oyin, "ọdún wo gan-an lẹ bí i?"

Inú ìyá àgbà dùn. Ta ni kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀? "Ọdún tí wọ́n pa ṣílè tì tí kọ́bọ̀ dé ni. Níjọ́ tá a kó o jáde, àwọn kan fún wa ní ṣílè, àwọn kan fún wa ní kọ́bọ̀. Ọkọ mi ò mọ bó ṣe máa rò ó pọ̀!"

Àwọn àgbà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí ka ìka. Alàgbà Barnabas kò ka ìka ní tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn ló kọ ọ́ sí. "Méjìléláàádọ́ta," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà, tí wọ́n ń gbà láti àádọ́ta ọdún sókè, dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Orin ni wọ́n fi gba ọ̀nà pẹpẹ, Màmá Ọdúntán tó jẹ́ olórí wọn ṣáájú. "Ẹ̀bùnọlá, ó ti tó ọdún méjì tá a ti ń retí rẹ!" Wọ́n we gèlè funfun ẹgbẹ́ lé e lórí, wíìgì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó pè ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

Màmá Wúrà kò wo ìyẹn. Ó ti tú etí ìró rẹ̀, ó mú tìróò kékeré kan jáde. "Tiwa, ó ti tó ìgbà wo tó o ti ń béèrè?"

"Ọdún mẹ́rin, Màmá."

"Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lo ti tó nìyẹn. Ọjọ́ tí ọmọ bá béèrè ni kí ìyá jókòó kọ́ ọ. O ti dàgbà, ọmọ mi."

Omi lé sójú Tiwalolúwa. Ó nù ún dáadáa kó tó lé tìróò náà. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún un.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà ti ṣí ìwé ńlá síwájú ọmọ ẹgbẹ́ tuntun.

"Orúkọ?"

"Ẹ̀bùnọlá Ọlágòkè."

"Ọjọ́ orí?"

Ẹ̀bùnọlá kọ́kọ́ yọ dígí wo ojú. Gbogbo ìjọ ló bá a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Méjìléláàádọ́ta!" Ohùn Tiwalolúwa ló sì ròkè jù.