Ọjọ́ Tí Olóyè Ọláníran Gun Orí Táìlì

Ẹ bá mi kí Olóyè Akíntáyọ̀ Ọláníran: Ọ̀gá Táìlì gbogbo Satellite Town, Baba Ìsàlẹ̀ Bọ́ọ̀lù, Kúkúrú-tí-í-dẹ́rù-ba-gíga. Orúkọ ìkẹyìn yẹn, èmi ni mo fi kún un. Àwọn tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló kọ wọ́n sínú ìwé fún mi pé kí n máa pè é, nítorí èmi Bíọ́dún ni MC ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín. Ó ti fún mi ní páálí táìlì méjì fún balùwẹ̀ mi. Wọ́n ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Ẹsẹ̀ tó bá ti tẹ táìlì ńkọ́? Táìlì náà dára o, kò yọ̀ rárá.

Ní ọdún 2006 tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amúwo gba ife básíkẹ́tì gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì Èkó. Mi ò ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún, ojú ṣì ń tì wọ́n. Àwọn ọmọ náà ga, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Tẹjúmádé, tó jẹ́ olórí wọn lórí pápá, ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ẹni tó kọ́ wọn ni Àǹtí Yíwọlá. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń fun fèrè lórí pápá oníkòtò tó wà lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, láti ìdájí títí oòrùn yóò fi mú. Kò gba oyè, kò gba àtẹ́wọ́, bàtà kan náà ló sì ń wọ̀ láti January dé December.

Olóyè ńkọ́? Olóyè ra jẹ́sì. Ó ra méjìlá, ó sì ní kí wọ́n kọ OLANIRAN gàdàgbà sí ẹ̀yìn gbogbo wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ńbà kò fi rí ibi jókòó sí dáadáa. Bí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀, Ọláníran á ju bọ́ọ̀lù sí Ọláníran, Ọláníran á ṣubú, Ọláníran á fà á dìde. Lọ́jọ́ kan ni rẹfirí pe Tẹjúmádé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, má bínú o. Ìyàwó mélòó ni bàbá yín fẹ́ gan-an?"

Nígbà tí wọ́n gba ife tán, ìròyìn dé pé wọ́n á lọ díje ní Àbíjàn. Bàlúù ni wọn yóò wọ̀. Àyè mẹ́tàlá péré ló wà: ọmọbìnrin méjìlá, àti ẹnìkan ṣoṣo tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tó sì kọ́ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Richard, akọ̀wé àwọn alábòójútó eré náà, yóò wá síbi àsè tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ lẹ́bùn ìparí sáà. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ orúkọ ẹni náà sínú fọ́ọ̀mù.

Gbogbo wa la mọ orúkọ tó yẹ kó kọ. Ṣùgbọ́n Olóyè kò wọ bàlúù rí, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dùn ún láti ìgbà tí aládùúgbò rẹ̀ ti lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó ránṣẹ́ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bíọ́dún, ta ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀?"

"Àǹtí Yíwọlá ni, sà."

Ó kàn ń wo páálí méjì tí wọ́n ń gbé sínú búùtù mọ́tò mi.

"Ẹ̀yin ni, sà," ni mo wí.

"Ta ló kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

"O gbọ́n. Àwọn òbí ẹ ò rán ẹ níléèwé lásán."

Òun ló ṣe ètò àsè náà láti òkè délẹ̀. Ọmọbìnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ bàtà gogoro. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀bùn yóò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, orúnkún méjèèjì, yóò sì wà níbẹ̀ títí kámẹ́rà yóò fi tàn lẹ́ẹ̀mẹta. Àǹtí Yíwọlá yóò jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà mínírà, kó lè máa bá wọn ṣọ́ ọ.

"Ọmọ Yorùbá ni yín," ó sọ fún àwọn ọmọ náà. "Torí ẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀kọ́ ilé ò gbọdọ̀ tán lára yín. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, sà."

Ìṣòro kan ló wà. Nígbà tí wọ́n dán ìkúnlẹ̀ náà wò lọ́jọ́bọ̀, Tẹjúmádé kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, òun àti Olóyè sì ń wo ara wọn lójú tààrà. Olóyè kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí wọ́n kó páálí táìlì mẹ́fà wá, ó tò wọ́n sẹ́yìn tábìlì àwọn ẹni ńlá, ó sì tẹ́ rọ́ọ̀gì pupa lé wọn lórí. Ó tún lọ ra bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga bí agolo mílíìkì, ó ki fóòmù sínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ wọn Olóyè láti ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ wọn táìlì, yóò wọn gìgísẹ̀, yóò wọn fóòmù, kó tó wá kan Olóyè.

Ó wá ku ìwé ìyìn, èyí tí wọ́n máa ń kà sétí gbogbo ènìyàn kí ẹni ńlá tó dìde. Ní Èkó níbí, ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, àwa tó kù á sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Olóyè kọ ojú ewé mẹ́rin. Yorùbá ló fi kọ ọ́, ó ní gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé òun. Ó gbé e fún Tẹjúmádé láti kà, torí pé ohùn ọmọ náà já gaara, àti torí pé ó wù ú kí ẹni tó ga jù nínú wọn fi ẹnu ara rẹ̀ pe òun ní ọ̀gá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Tẹjúmádé sáré wọlé bá mi.

"Bọ̀dá Bíọ́dún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ewé kejì yìí."

Mo wò ó. Olóyè kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí òun wà níléèwé, olùkọ́ eré ìdárayá òun, Olóògbé Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá Ajíbọ́lá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló fi bọ́ọ̀lù básíkẹ́tì lé òun lọ́wọ́. Ó ní obìnrin náà sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ni, òun kò rí ọmọ tó ga tó sì mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìyáàfin Ajíbọ́lá wo nìyẹn?"

"Màmá Sunday School wa ni, ní Fifth Avenue. Teacher ni wọ́n kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ federal."

"Wọn ò tíì kú?"

"Bọ̀dá! Sunday tó kọjá ni wọ́n lé mi síta torí mo ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo rántí ilẹ̀ balùwẹ̀ mi, mo sì sọ fún un pé èmi kò rí ìwé kankan o. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Tí Àǹtí Yíwọlá ò bá lọ Abidjan, èmi náà ò lọ. Nígbà tí daddy mi ní kí n fi ball sílẹ̀, wọ́n wá sí parlour wa, wọ́n kúnlẹ̀ bẹ daddy mi. Wọn ò mọ̀ wá rí o. Wọ́n kàn kúnlẹ̀."

Ojú tì mí. Tẹjúmádé ká ìwé rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Fifth Avenue lọ.

Àsè bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn kan nítòsí 23 Road. Ìrẹsì wà, ẹran wà, fáànù ń yí bí ẹni tí wọ́n bẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, mo sì gbé máìkì. Mo pe Olóyè bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó wọlé nínú agbádá funfun, ó gun orí táìlì rẹ̀, ó sì yọ gọnbọ sókè lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Richard tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní láti gbé orí sókè kó tó lè kí i. Ìyẹn tẹ́ Olóyè lọ́rùn gan-an.

Tẹjúmádé ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ẹ̀bùn náà? Táìlì kan ṣoṣo ni, tí wọ́n tẹ fọ́tò Olóyè sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde wá, tí wọ́n ń kúnlẹ̀, tí kámẹ́rà ń tàn. Nígbà tó kan Dammy, orúnkún rẹ̀ kan ti wú láti ọjọ́ àṣekágbá, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí òun fi ìkejì nìkan kúnlẹ̀.

"Méjèèjì," ni Olóyè wí. "Kámẹ́rà ń wò wá."

Dammy fi méjèèjì kúnlẹ̀. Inú bí mi, ṣùgbọ́n máìkì ló wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe igi.

Tẹjúmádé wá dìde, ó ṣí ìwé ìyìn. Ó kà á dáadáa. Ó ka ìbí, ó ka oyè, ó ka ṣọ́ọ̀bù. Olóyè ń mi orí bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ọ nìyẹn. Ó dé ojú ewé kejì.

"Olùkọ́ wọn, Olóògbé Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá Ajíbọ́lá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere..."

"Ta ló kú?"

Láti ẹ̀gbẹ́ kúlà mínírà ni ohùn náà ti wá. Màmá àgbàlagbà kan ló jókòó ti Àǹtí Yíwọlá níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, fìlà ńlá àwọn ìyá ìjọ bo ojú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde.

"Mo ní ta ló kú? Mo jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ yìí."

Ojú Olóyè funfun ju agbádá rẹ̀ lọ.

"Màmá Games," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ eré ìdárayá náà níléèwé. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan tábìlì, bí àwọn ọlọ́lá ṣe máa ń ṣe.

Màmá ti rìn dé iwájú. "Ọwọ́ ni mo rí, Táyọ̀. Àyà ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ funfun ni mo wọ̀."

"Orúnkún mẹ́rìnlélógún ni mo kà látìgbà tí mo ti jókòó síbẹ̀ yẹn. Ọ̀kan nínú wọn wú. Sọ̀ kalẹ̀ kí o wá kí mi."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn kígbe pé, "Ẹ̀kọ́ ilé, sà!" Gbogbo ojú wá kọ sí Olóyè, Ọ̀gbẹ́ni Richard sì fi báírò rẹ̀ lélẹ̀ láti wòran.

Olóyè na ẹsẹ̀ ọ̀tún sísàlẹ̀. Ilẹ̀ jìn ju bó ṣe rò lọ. Ẹsẹ̀ wá, bàtà kò wá. Ó fa ti òsì, bàtà òsì náà kọ̀. Àwọn méjèèjì dúró sórí rọ́ọ̀gì pupa, fóòmù yọ lẹ́nu wọn, Olóyè sì yọ sí wa láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan. Ṣòkòtò tí télọ̀ ti gé fún gíga bàtà wá ń gbálẹ̀ tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó lè mú ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Olóyè wo iwájú, bàtà Màmá ló rí. Ó wo ẹ̀yìn, bàtà tirẹ̀ ló rí lókè.

Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Màmá kò ní kó dìde. Ó ní kí n gbé àga wá fún òun. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò pẹ́.

"Táyọ̀, ìgbà wo lo gbá básíkẹ́tì fún mi?"

Olóyè sọ nǹkan kan sínú ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ o. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì gbé máìkì sí i lẹ́nu. Ohun tí páálí táìlì méjì lè rà ti tán, Olóyè.

"Mi ò gbá, mà," ni ẹ̀rọ sọ kárí gbọ̀ngàn.

"Kí ló dé tí mo fi yọ ẹ́ kúrò ní tíìmù?"

"Torí mo kúrú, mà."

"Irọ́ ni. Ọmọ kúkúrú mẹ́ta ló wà nínú tíìmù mi lọ́dún yẹn. Mo yọ ẹ́ torí o kì í ju bọ́ọ̀lù sí ẹnikẹ́ni. Tó bá ti dé ọwọ́ ẹ, àfi kí o dì í mọ́ra bí ẹni pé ìyá ẹ ló rà á." Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ yìí ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Mo ti wò wọ́n. Ta ló kọ́ wọn?"

"Gbogbo wa la jọ ṣe é, mà. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe..."

"Orúkọ ni mo bi ẹ́."

"Yíwọlá, mà."

"Àbúrò ẹ ni?"

"Àǹtí Yíwọlá, mà."

"Ta ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀?"

Mo tún sún máìkì mọ́ ọn.

"Àwọn náà ni, mà."

Ọ̀gbẹ́ni Richard mú báírò rẹ̀. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kúlà, ó sì bẹ Àǹtí Yíwọlá pé kí ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ fún òun. Obìnrin náà kò lè pè é, ẹkún kò jẹ́. Tẹjúmádé ló bá a pè é, létà kan tẹ̀lé òmíràn, Ọ̀gbẹ́ni Richard kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́, ó sì dún bí ìbọn. Àwọn ọmọ náà ti ya bo Àǹtí Yíwọlá, wọ́n ti gbé e sókè, Dammy ń fi ẹsẹ̀ kan jó. Gbogbo wa ti gbàgbé pé ẹnìkan wà nílẹ̀.

Màmá ló rántí. Ó na ọ̀pá rẹ̀, ó fi kàn án léjìká.

"Ó tó, dìde, Táyọ̀. Wàá dàgbà."

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé, "Àmín!"