Ìkòkò Aláró tí Láwuyì Gbé Lọ Sílé Àna

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ yín tí wọn ò fẹ́ kàwé ni. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn pé òwe náà ti wà kí bátìrì tó dáyé, kó mú ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá.

Láwuyì lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ń yọ́ alumíníọ́mù, ó fi ń rọ ìkòkò nílùú Ìrónà. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àfi sùúrù tí kò ní. Ọkàn rẹ̀ fà sí Fẹ́yíṣayọ̀, Fẹ́yíṣayọ̀ náà sì fẹ́ ẹ, ó ku àṣà Ìrónà nìkan. Ní Ìrónà, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn yóò gbé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wá sílé àna, wọn yóò sì lò ó lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ ahunṣọ, bàbá ìyàwó á wọ aṣọ ọ̀hún. Bó bá jẹ́ kápẹ́ńtà, ìyá ìyàwó ló máa jókòó lórí àga rẹ̀, wọ́n á sì wá èyí tó sanra jù nínú àwọn àǹtí kó bá a jókòó. Tí iṣẹ́ náà bá já wọn kulẹ̀, ọkọ ìyàwó á dá nìkan padà sílé.

Láwuyì rọ ìkòkò tó dára, ó ku awọ tí yóò fi bò ó. Àwọn tó ń rọ ìkòkò ní Ìrónà mọ̀ pé bí wọ́n bá ri alumíníọ́mù sínú omi bátìrì, tí wọ́n sì tan iná bátìrì sí i, awọ líle kan á hù lára rẹ̀ tí ata àti iyọ̀ kò ní lè jẹ. Oríṣi méjì ni awọ yìí. Ọ̀kan nípọn, ó rí bí eérú, ó sì máa ń pẹ́ kó tó hù. Èkejì fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ rárá, ihò tíntìntín sì kún ojú rẹ̀ tí wọ́n fi lè pa á láró.

"Ìkòkò ọbẹ̀ ni, awọ eléérú ni kó o fún un," ni ọ̀gá rẹ̀, Màmá Ládùńnì, wí. "Èyí tó wù kó o mú ṣá, sè é nínú omi híhó títí àwọn ihò yẹn á fi dí, kí ata tó kàn án."

"Màmá, ìkòkò eléérú kẹ̀? Wọ́n á ní orí àkìtàn ni mo ti ṣà á."

Ó yan awọ fẹ́lẹ́, ó ri ìkòkò sínú aró. Búlúù tó jáde ń dán débi pé Láwuyì jó yí i ká. Ó ku kó sè é. Ó wo oòrùn, ó wo ìkòkò. "Ṣebí wọ́n máa gbé e kaná lọ́hùn-ún," ló wí. "Iná kan náà ni." Bó ṣe gbé e lérí nìyẹn, ó di ilé àna.

Wọ́n yìn ín títí. Ìyá Fẹ́yíṣayọ̀ da tòmátì àti ata rodo sínú ìkòkò, ó sì daná sábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dú. Ìyá ṣí ìdérí, ó yára pa á dé.

"Ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ ló ń yọ omi," ló wí. Bẹ́ẹ̀ kò fi ẹ̀fọ́ kankan sí i.

Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́. Bàbá Fẹ́yíṣayọ̀ fẹ́ dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ahọ́n rẹ̀ búlúù, eyín rẹ̀ búlúù.

"Yéè! Bàbá Fẹ́yíṣayọ̀, ẹnu yín!" ni Ìyá kígbe.

"Tìrẹ tó o fi ń pariwo ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí ilé náà fi ìborùn funfun nu ẹnu, ìborùn náà di búlúù. Ewúrẹ́ aládùúgbò lá ìkòkò, irùngbọ̀n rẹ̀ yí padà, nígbà tó délé, olówó rẹ̀ lé e jáde pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn méjì tó ń jà lórí ààlà ilẹ̀ wá bá Bàbá pé kó dá ẹjọ́ àwọn. Bàbá ń fi orí dá wọn lóhùn. Nígbà tó di dandan kó sọ̀rọ̀, tó la ẹnu, ẹ̀rín gbé àwọn méjèèjì ṣubú lu ara wọn, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà lọ́gbọọgba.

Láwuyì ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ìyàwó ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Fẹ́yíṣayọ̀ wá dúró níwájú rẹ̀, ètè búlúù.

"Bùọ̀dá Láwuyì, ṣé ẹ sè é?"

"Mo rò pé…"

"Ṣé ẹ sè é?"

"N ò sè é."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bàbá wo ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún, ó mí kanlẹ̀. "Lọ rọ òmíràn. Ojú wa níbí ni wàá ti sè é."

Láwuyì padà wá pẹ̀lú ìkòkò eléérú, kò sẹ́ni tó yìn ín. Ìyá na ọwọ́ sí ata, Bàbá dá a dúró. Láwuyì rọ omi sínú ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná. Èéfín bọ́ sí i lójú, òógùn bò ó, omi hó títí.

"Ó ti tó, Bàbá?"

"Máa fẹ́ ẹ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń gbẹ."

"Bu òmíràn sí i."

Kí Bàbá tó gbà kí ata wọlé, ojú Láwuyì ti pọ́n ju tòmátì lọ. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ pupa ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, ó sì mú Fẹ́yíṣayọ̀ lọ sílé.

Láti ìgbà náà, bí ẹni tó ń kánjú bá wá tọrọ ọmọ nílé yẹn, Bàbá kì í bá a jà. Á kàn la ẹnu, kí onítọ̀hún lè rí búlúù tó ṣì kù láàárín eyín rẹ̀, á wá fa abẹ̀bẹ̀ iná lé e lọ́wọ́ pé: "Ọmọ mi, gbà. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná."