Ọ̀gá Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Bá Jiyàn

Bí wọ́n bá ń ta ìfọ́nnu ní kílò, Togar Sihombing ì bá ti kọ́ ilé alájà méje. Ìlú Medan ló ti wá bá wa ní ìlú Solo nílẹ̀ Java, ó dá ilé iṣẹ́ tó ń gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn lórí kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan tó fi ń kọ́ gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá.

“Àwọn òṣìṣẹ́ mi? Wọn kì í bá mi jiyàn!” Á gbá àyà. “Ohun tí ọ̀gá bá rí lórí àga tó ń yí, bí òṣìṣẹ́ gun orí kọ̀ǹpútà, kò lè rí i!”

Òótọ́ ni, wọn kì í jiyàn. Ohunkóhun tó bá sọ, “nggih” ni wọ́n ń dáhùn, òun sì ń gbọ́ ọ ní “bẹ́ẹ̀ ni.” Ṣùgbọ́n àwa ará Solo mọ̀ pé ẹni tó sọ nggih fún àgbà lè kàn máa wí pé “mo gbọ́ yín.” Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

Ìyá Lasmini tó ń ṣe aṣọ bátíìkì wá ń wá ẹni tí yóò ṣe ètò kọ̀ǹpútà táwọn oníbàárà rẹ̀ á máa fi béèrè aṣọ. Togar fò mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà máa tìlẹ̀kùn ni.

“Wening, ọjọ́ Ajé la máa fi han ìyá. Á ti parí, àbí?”

Wening, obìnrin tó ń ṣe ètò náà, wolẹ̀. “Nggih, ọ̀gá. Ó kàn jẹ́ pé ó ṣì ku díẹ̀…”

“Mo mọ̀ pé o máa gbà!”

Ọjọ́ Ajé pé. Togar kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó tan ètò náà sára ògiri gàdàgbà. Ìyá béèrè aṣọ kan péré. Kọ̀ǹpútà ní òun ti gbọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

“Ẹ ò rí i? Ó ti mọ̀ pé ọjà yín máa tà!”

Ìyá ní kí òun rí aṣọ ọ̀hún. Àwòrán ológbò Wening ló yọ sára ògiri, ó ń yán.

“Iṣẹ́ ọnà tuntun nìyẹn!” Òógùn ti bo Togar.

Ni ọ̀rọ̀ ńláńlá bá jáde ní èdè Java, tí kò yé e rárá. Ohun tí ẹnu Wening kò lè sọ fún ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ síbẹ̀. Inú Togar dùn dé eyín.

“Háà! Ó ń kí yín ní èdè yín! Ẹ kà á sókè, ìyá, kí gbogbo ilé gbọ́!”

Ìyá gbé awò sójú. “Ó ní, ‘Iṣẹ́ ò tíì parí o. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi han oníbàárà.’”

Ojú Togar wálẹ̀.

“Ta ló mọ̀ nínú yín?” Ìyá bi wọ́n.

Wening nawọ́. Akọ̀wé nawọ́. Awakọ̀ nawọ́. Obìnrin tó ń gbé tíì kiri gbé àwo tíì kalẹ̀, òun náà nawọ́.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́n ju bí ọ̀gá yín ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́n lọ. Mo gbé iṣẹ́ yìí fún yín. Ẹ parí ẹ̀ lóṣù méjì.”

Togar fò dìde. “Mo ti sọ! Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá nìyẹn! Ìyá, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ìwọ kẹ̀?” ni ìyá wí. “Lọ kí ìyá rẹ ní Medan. Má tètè dé.”