Ìyàwó Tó Kọjá Ilé Ọkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Ọ̀gán fi máa ń sọ pé, "Ọkọ̀ tí kò lè dúró, ẹ má yìn ín pé ó ń dán"? Àwọn kan rò pé àwọn tó ń ta mọ́tò ló dá a sílẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀dọ̀ Ládiméjì ló ti ṣẹ̀ wá, lọ́jọ́ tó fi mọ́tò Pijó rẹ̀ gbé Ṣọlápé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ sílé ọkọ.

Láti ìgbà tí bàbá Ṣọlápé ti kú, Ládiméjì ló tọ́ ọmọ náà. Ó ti búra níwájú ẹbí pé ọmọ náà kò ní fi ọkọ̀ tí wọ́n háyà relé ọkọ láéláé. Ṣùgbọ́n Pijó ti darúgbó. Ara rẹ̀ ti bó, fèrè rẹ̀ ti yadi, bíréèkì rẹ̀ sì ti di ohun tí èèyàn ń bẹ̀ kó tó gbọ́. Owó ọwọ́ Ládiméjì kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

"Bàbá, bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe," Gàníyù mẹkáníìkì sọ. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó ṣì máa ń mú nígbà míì."

Ìyàwó Ládiméjì pòṣé. "Ta ló ń wo bíréèkì lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Ọ̀dà làwọn àna máa rí."

Lásísì ọ̀rẹ́ Ládiméjì dá sí i. "Ọ̀dà láìsí fèrè? Ṣé ẹ fẹ́ wọ ìlú onílùú bí olè ni?"

Orí Ládiméjì dàrú. Ó bá lọ bi Ṣọlápé fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣáà gbé mi débẹ̀," Ṣọlápé dáhùn.

Ládiméjì rò ó títí. Dídé ni ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ fún, kò mẹ́nu kan dídúró. Ó kun mọ́tò ní ọ̀dà búlúù, ó sì ra fèrè tó ń ké bíi màlúù tó sọnù.

Ilé Sànyà, ọkọ ìyàwó, wà nísàlẹ̀, láàárín òkè méjì. Àwọn obìnrin ilé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi tí wọ́n máa fi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Fèrè ké lórí òkè. Mọ́tò yọ, ó ń dán yinrin.

"Ẹ wo mọ́tò!" ni gbogbo wọn ń pariwo.

Ládiméjì tẹ bíréèkì. Bíréèkì kò dá a lóhùn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó di ọ̀pá jíà mú, ọ̀pá náà yọ sí i lọ́wọ́. Mọ́tò kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn àna bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

"Ẹ kú ìnáwó o!" Ládiméjì ké látojú fèrèsé, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí à ń sọ.

"Ibo lẹ tún ń gbé e lọ?" Ìyá Sànyà bi í.

"Èmi náà ò mọ̀!"

Mọ́tò gun òkè kejì dé ìdajì, agbára rẹ̀ tán, ló bá ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin tún gbé igbá. Mọ́tò tún kọjá, ìdí ló kọ sí iwájú.

"Ṣé owó orí ni kò tó?" bàbá Sànyà jágbe mọ́ ọn. "Ẹ sọ ọ́ síta, ẹ yé fi ìyàwó wa ṣe jangirọ́fà!"

"Ó tó, àna mi! Bíréèkì ni kò tó!"

Ṣọlápé ṣí ìbòjú, ó juwọ́ sí ọkọ rẹ̀. "Mò ń bọ̀!" Nígbà tí wọ́n tún padà, ó ní, "Mò ń bọ̀ báyìí!"

Báyìí ni mọ́tò ń lọ tó ń bọ̀, tí ìrìn rẹ̀ ń kúrú sí i, títí ó fi dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Ìyá Rẹ̀mí, aládùúgbò wọn, ló dúró sí. Rẹ̀mí ti ń wá ìyàwó tipẹ́, kò rí. Ìyá rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú ike omi.

"Káàbọ̀, aya ọmọ mi! Ẹlẹ́dàá kò gbàgbé wa!"

"Ìyá Rẹ̀mí, gbé omi yẹn sílẹ̀!" Ìyá Sànyà jágbe.

"Ẹnu ọ̀nà ta ló dúró sí? Ẹ̀yin náà kúkú rí i tó ń kọjá, ẹ ò dá a dúró!"

Ṣọlápé yára ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga kí omi má baà kàn án. Ládiméjì wo ìyá ọ̀tún, ó wo tòsì; kò mọ ẹni tí òun ń ṣe àna fún mọ́. Ni Sànyà àti àwọn ẹbí rẹ̀ bá fi èjìká ti mọ́tò padà. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, mọ́tò kò tún fẹ́ dúró. Bàbá àgbà ilé fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú, ó fi ẹ̀yìn tì í, kí wọ́n tó yí odó wá dí táyà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ Ṣọlápé, tó sì wọlé ọkọ.

Nígbà tí bàbá àgbà kúrò nídìí mọ́tò, ẹ̀yìn agbádá funfun rẹ̀ ti di búlúù, nítorí ọ̀dà náà kò tíì gbẹ.

"Ṣùgbọ́n mọ́tò yìí mà dán o!" ẹnì kan tún sọ láàárín èrò.

Bàbá àgbà yíjú sí i, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọkọ̀ tí kò lè dúró," ó ní, "ẹ má yìn ín pé ó ń dán."